Omi Kẹ́ẹ̀gì Ọjọ́rú

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹrin, 2024

Mo ti fi omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ aṣọ káàgò tán. Àwọn ọ̀gbẹ́ni ọjà Naif ní Dubai yẹn tún ta eruku mọ́ aṣọ fún mi, wọ́n ní "new, madam, new". New ilé ta ni? Mi ò lè fi ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí Èkó kí àwọn oníbàárà mi máa bú ìyá mi nínú sàréè. Nusi ní kí n rọra, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn mí. Ẹni tó lóyún oṣù mẹ́fà ló ń ṣàánú ẹ̀yìn mi! Ọdún kejì rèé tí èmi àti Nusirat ti ń pín yàrá yìí — bedspace tirẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, tèmi lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Waheed ọkọ rẹ̀ wá kí i lóṣù kẹwàá tó kọjá, ó ti padà sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n ni Nusi ń pè mí, kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán.

Kẹ́ẹ̀gì ṣófo. Màá pọnmi lọ́la.

Wọ́n ní òjò ńlá ń bọ̀. Gbogbo fóònù ilé ló ń han pẹ̀lú ìkìlọ̀ ìjọba. Bọ̀dá Adékọ̀yà, tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Industrial Area, tó fi pákó gé kọ̀rọ̀ pálọ̀ wa gbé, ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí ni wọ́n ń pè ní òjò? Ṣé wọ́n ti rí òjò Mushin rí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Òjò Mushin rèé o! Láago mẹ́wàá àárọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, mi ò rí títì Al Khan, àdúgbò wa, mọ́ láti ojú fèrèsé, omi ni mò ń wò. Mọ́tò ń léfòó. Iná lọ. Lífítì kú. Fíríìjì dákẹ́, Nusi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ se ìkòkò ìrẹsì ńlá láàárọ̀ ni.

Gbogbo ọjọ́ ni mo fi wo mọ́tò. Mi ò pọnmi. Èmi!

Ọjọ́rú, 17

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tí màá sọ ọ́ fún.

Mo jí ní ìdájí. Nusi wà lórí ẹní, ó ń kírun àsùbáà, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo yọ́ lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí ẹ̀rọ. Ó wúkọ́, ó tu omi pupa díẹ̀ bíi tíì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tín-ín-rín, mímọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún.

Kí ló dé tí mo ń yọ́ rìn nínú ilé tí mò ń sanwó rẹ̀? Nítorí pé Ìyá Olómi ni gbogbo àjà karùn-ún mọ̀ mí sí. Ọdún méje ni mo ti ń fi kẹ́ẹ̀gì ṣe fọ́nńté fún wọn: ọmọ Èkó kì í fọkàn tán ẹ̀rọ, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ọjọ́ kan ń bọ̀. Ọjọ́ náà dé, kẹ́ẹ̀gì èmi alára ṣófo. Ojú ì bá tì mí pa.

Kó tó di aago méje, ẹ̀rọ gbogbo ilé ti dákẹ́, wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin Filipíìnì ti fúláàtì 502. Tọkọtaya Íńdíà ti 505. Mò ń bù fún wọn, mò ń sọ pé omi ò lọ́tàá. Láago mẹ́sàn-án ni nátúà tó ń ṣọ́ bílídìn gun àtẹ̀gùn wá, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé itan. Ó ń kígbe láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn: pani no drink! Ó ní àgbàrá àti omi ṣáláńgá ti ya wọ tánkì abẹ́ ilẹ̀ láti àná, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan omi ẹ̀rọ. Khalas, ó tán.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bọ̀dá Adékọ̀yà bi mí pé ìgbà wo ni mo pọn tèmi. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti dáhùn: Ọjọ́ Ajé. Mo tún fi kún un, ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni, ṣé ọmọ Mushin ló máa dúró dìgbà tí òjò bá dé kó tó pọnmi? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Filipíìnì dì mọ́ mi. Nusi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí, ó mú kọ́ọ̀pù, ó bu omi, ó mu ún tán lójú gbogbo wọn. Ó ní omi ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn, kí wọ́n máa mu. Ọkàn wọn balẹ̀.

Kò sí iná tí a ó fi sè é, iná mànàmáná la fi ń dáná nílé yìí. Ṣùgbọ́n omi náà mọ́. Mo gbé kọ́ọ̀pù síbi ìmọ́lẹ̀, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó mọ́ mọ́ náà ni, àbí?

Nusi pín ìrẹsì àná fún gbogbo àjà kó tó kan.

Ọjọ́bọ̀, 18

Omi ìsàlẹ̀ ò fà. Ó dé àtẹ̀gùn kẹjọ. Ẹnikẹ́ni ò lè jáde àfi ẹni tó bá lè wẹ̀, èmi ò lè wẹ̀.

Fúláàtì méje ló ti ń mu omi mi báyìí. Orí mi ń wú. Ó tún ń bà mí lẹ́rù.

Mo gbé omi lọ fún màmá ará Ṣáínà tó wà ní 507. Dókítà Tang ni orúkọ wọn, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, wọn ò ga ju ilẹ̀kùn fíríìjì lọ. Wọ́n wá kí ọmọ wọn tó ń ta gílóòbù ní Dubai. Òjò ká ọmọ mọ́ ọ̀hún, ó ká ìyá mọ́ ibí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní "How di body?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi nù! Àṣé Saró ni wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà Ẹ̀bólà, àwọn ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò. Kòkòrò àìfojúrí ni iṣẹ́ wọn láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ibikíbi tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti bẹ́, wọ́n á ní ẹ pe Tang.

Wọ́n bi mí bóyá mo ti se omi náà. Mo ní kò síná. Wọn ò mu ún. Wọ́n dà á sínú ike omi tí kò ní àwọ̀, wọ́n gun àjà mẹ́rin lọ sí orí òrùlé pẹ̀lú orúnkún arúgbó, wọ́n tẹ́ àwọn ike náà sílẹ̀ nínú oòrùn. Wọ́n ní wákàtí mẹ́fà oòrùn gangan á pa ohun tó wà níbẹ̀. Inú bí mi. Omi tí gbogbo ayé ń yìn! Màmá Kòkòrò ni màá máa pè wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Bọ̀dá Adékọ̀yà ti lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ní ìgbà mẹ́sàn-án láti àárọ̀. Ọmọ 502 náà. Ìyàwó ará Íńdíà náà. Ọ̀sán ni ti Nusi bẹ̀rẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pọ̀. Kò sí omi tí a ó fi ṣan ilé ìyàgbẹ́. Òórùn ilé yìí, Olúwa.

Màmá Kòkòrò wá pẹ̀lú ìwé kan. Wọ́n ya bílídìn wa síbẹ̀, àjà lórí àjà, fúláàtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláàtì. Àmì pupa fún ibi tí àìsàn bá wà. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dúró sí: kí lẹ jẹ, kí lẹ mu, ọjọ́ wo, aago mélòó. Wọ́n ní kòkòrò kì í já bọ́ láti ọ̀run, ó ní ilẹ̀kùn tó gbà wọlé, ilẹ̀kùn yẹn làwọn ń wá. Ohun méjì péré ló kan gbogbo ibi tí àmì pupa wà: ìrẹsì Nusi àti omi mi.

Wọ́n yíjú sí mi. Omi kẹ́ẹ̀gì, ọjọ́ wo? Bọ̀dá Adékọ̀yà wà níbẹ̀, ó di inú mú. Nusi wà níbẹ̀. Mo ní Ọjọ́ Ajé.

Màmá kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fa ìlà gba orí kẹ́ẹ̀gì kọjá. Ó ku ìrẹsì.

Háà, ariwo tí Bọ̀dá Adékọ̀yà pa! Ó ní ṣé Nusi fẹ́ pa gbogbo ilé ni, ó ní ta ló ń fún èèyàn ní ìrẹsì tó ti sùn láìsí fíríìjì? Nusi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní ẹ má bínú. Ó tún ní ẹ má bínú. Mo ń nu ilẹ̀.

Màmá kọ́ wa láti po omi oníyọ̀: líta omi kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀. Omi orí òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nígbà tó tán, wọ́n ní kí a lo omi tèmi Ṣíjú, ti Ọjọ́ Ajé, ó mọ́.

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ọ̀mọ̀wé tó tóbi tó báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Nusi ò dáa. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Màmá fi ìka fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà. Wọ́n kàn ní kí n máa fún un mu ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni mò ń fún un mu. Láti inú kẹ́ẹ̀gì. Pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Ní ọ̀sán mo gbé ike mẹ́rin gun òrùlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo tẹ́ wọn sínú oòrùn. Mo rò pé bí mo bá ń fi ti oòrùn pààrọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á yanjú láìjẹ́ pé mo la ẹnu. Ìkùukùu bò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Mo jókòó ti ike mẹ́rin bí òmùgọ̀. Láti òkè yẹn, omi ni gbogbo Al Khan, àwọn ilé dúró sínú rẹ̀ títí dé ìdí, ẹnikẹ́ni ò rìn níbì kankan.

A pe ọkọ̀ aláìsàn. Ẹni tó gbé fóònù ní àwọn tí wọ́n ti ń pè ti pọ̀, ọkọ̀ ojú omi ò tó, kí ló ṣe é gan-an? A ní ó jẹ ìrẹsì tó kan. Ó ní kí a máa fún un lómi.

Waheed pè láti Èkó. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀, mo fi ìyàwó mi lé yín lọ́wọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Kí ló kó mi sí èyí? Ẹnu mi ni. Ẹnu mi ló kó bá mi, ó sì fẹ́ kó bá ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Ìwé yìí á gba gbogbo rẹ̀ lónìí.

Àárọ̀. Nusi ò lè gbé orí mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ó ní ọmọ inú òun ò mira láti àná.

Màmá jókòó tì wá, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara wọn bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọdún 1980, wọ́n jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, onígbáméjì ń pa àwọn ará abúlé létí odò kan nílẹ̀ wọn. Ọ̀gá wọn ń fi wọ́n yangàn pé Tang kì í ṣàṣìṣe. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ gba omi kànga abúlé kan wá fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ṣubú nínú ẹrẹ̀ nítòsí ilé, ìgò fọ́. Ọgbọ̀n kìlómítà ni láti padà. Òjò ń rọ̀. Ojú tì wọ́n láti sọ fún ọ̀gá pé ìgò Tang fọ́. Wọ́n mú kálámù, wọ́n kọ ọ́ pé: kànga mọ́.

Èèyàn mọ́kànlá ló kú ní abúlé yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé e pamọ́ sínú. Láti ìgbà náà, wọn ò kọ ohun tí ojú wọn ò rí mọ́. Ibi tí àrùn bá bẹ́ sí, wọ́n á ní àwọn á lọ. Nígbà àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti 2003, ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni wọn ò fi délé, láti ẹ̀yìn gíláàsì ni ọmọ wọn ti ń juwọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà, Saró. Ìjọba fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n ní akínkanjú ni wọ́n. Màmá ní kì í ṣe akin ló ń gbé àwọn kiri, ìgò tó fọ́ ni.

Wọn ò wo ojú mi. Nusi ni wọ́n ń wò.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti fura. Mo dìde. Mo fa ìwé yìí yọ lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo ṣí i sí Ọjọ́rú, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ Yorùbá, kí n kà á. Mo kà á. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Pidgin. Bọ̀dá Adékọ̀yà yọ orí láti ẹ̀yìn pákó rẹ̀. Ọmọ 502 wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo kà á délẹ̀. "Ohun tó mọ́ mọ́ náà ni, àbí?"

Màmá ò pariwo. Wọ́n ya kẹ́ẹ̀gì mìíràn sínú àwòrán, wọ́n fi pupa kùn ún. Wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án ló gba àwọn, èmi lo ọjọ́ mẹ́rin, yalla, dìde, dà á nù. Mo da ìyókù omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù sínú ilé ìyàgbẹ́. Ó ń ta sí mi lẹ́sẹ̀.

Bọ̀dá Adékọ̀yà wò mí títí. Ó ní, Ṣíjú. Orúkọ mi nìkan. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Màmá gba fóònù, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣègùn bá àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn sọ̀rọ̀: omi ṣáláńgá nínú omi mímu, fúláàtì méje, aboyún kan tí omi ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Wọn ò sọ ìrẹsì. Ọkọ̀ rọ́bà dé kí wákàtí méjì tó pé. Láti àná la ti ń pè pẹ̀lú irọ́ mi, ẹnikẹ́ni ò wá.

Orí àga la fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nátúà di ẹsẹ̀ àga kan mú, Bọ̀dá Adékọ̀yà tí inú ń run di ìkejì, àwọn ọkùnrin aláṣọ pupa tó bá ọkọ̀ wá di ìyókù. Bọ̀dá Adékọ̀yà ń sọ fún Nusi ní gbogbo ọ̀nà pé àbúrò mi, má bínú, mo bú ẹ lásán. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi tí omi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kò sí àyè fún ẹlòmíràn. Ojú rẹ̀ pa dé.

Ọjọ́ Ajé, 22

Ẹ̀rọ tún ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ike omi rẹ̀ kún orí òrùlé wa bámú nínú oòrùn, ọgọ́rùn-ún lé. Kò sẹ́ni tó kí mi lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Nusi ò gbé fóònù. Waheed ò gbé tèmi.

Bọ̀dá Adékọ̀yà fi ike omi oòrùn kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kò kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 24

Omi ti fà. Títì ti yọjú, ẹrẹ̀ nìkan ló kù. Ọmọ Màmá dé láti Dubai, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì ń sunkún. Kí Màmá tó lọ, wọ́n wá bá mi, wọ́n fi fóònù ya àwòrán ojú ewé Ọjọ́rú. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, nígbà tí wọn ò gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn pé ó dàbọ̀. Mi ò pè wọ́n ní Màmá Kòkòrò mọ́ o. Màmá ni.

Gbogbo ilé ti jáde. Wọ́n ń fọ mọ́tò, wọ́n ń ra búrẹ́dì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Nusi.

Ọjọ́bọ̀, 25

Nusi fi ohùn ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n òun ni. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́, nítorí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ níbẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún mọ́. Bọ̀dá Adékọ̀yà ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Wọ́n ti gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ń lù dáadáa, alihamudulilahi. Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo yíjú sí ọ̀tún láti sálámà ni mo rí yín nídìí ẹ̀rọ láti ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo mọ̀ pé Ọjọ́rú lẹ pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró láàárín èrò kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ń purọ́? Mo ní tí mo bá mu ún lójú wọn, wọn ò ní bi yín ní nǹkan mọ́. Ẹ máa bọ̀ o. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú omi dání. Omi ibí ò dùn lẹ́nu mi."

Ìgbà mẹ́fà ni mo gbọ́ ọ. Yéè! Mo rò pé èmi ni mò ń bo ara mi. Àṣé ọmọ yìí ló fi ara rẹ̀ àti oyún inú rẹ̀ bo àṣírí mi, ó tún gba èébú ìrẹsì mọ́ ọn, kò yọ mí lẹ́nu. Mo bú sẹ́kún lórí àtẹ̀gùn bí ọmọdé. Ọmọ 502 ń gòkè bọ̀. Ó dúró díẹ̀, ó kọjá.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ẹrẹ̀ mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ra páálí omi kan. Ike méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Mo yẹ ìdérí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún tún un yẹ̀ wò, títí ọlọ́jà fi ní madam, khalas, ó dáa. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí. Páálí náà wà lórí itan mi, mo fi ọwọ́ kan dì í mú. Ó ku ibùdókọ̀ méjì.